Ta Ló Gbé Ẹrù Náà Lé Wa Lórí? Bí Àwọn Elédè Gẹ̀ẹ́sì Ṣe Ń Sọ Ọ̀rọ̀ Dandan

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, olùkọ́ wa. Ìlú Leeds ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo wà, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ó sì pé ọdún kan báyìí. Mo kàwé dáadáa kí n tó kúrò nílé, mo sì rò pé Gẹ̀ẹ́sì mi dán mọ́rán, ṣùgbọ́n nǹkan mẹ́ta ti kó ìtìjú bá mi. Mo sọ fún ọ̀gá mi obìnrin pé “You must sign this form today”. Pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀ ni mo fi sọ ọ́, síbẹ̀ ojú rẹ̀ le. Ọ̀gá yìí kan náà sọ fún mi lọ́jọ́ mìíràn pé “You might want to check the chart again”. Mo rò pé ó fi í sí ìfẹ́ inú mi ni, n kò yẹ̀ ẹ́ wò, ni wọ́n bá fún mi ní ìwé ìkìlọ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹnìkan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ sọ pé “You must come round for tea”. Mo ra èso, mo gba ilé rẹ̀ lọ ní ọjọ́ Sátidé, ẹnu sì yà á láti rí mi. Kí ni “must” túmọ̀ sí gan-an, báwo sì ni ènìyàn ṣe ń mọ ìgbà tí Òyìnbó bá ń pàṣẹ?

Ìdáhùn: Ẹ kú làálàá iṣẹ́, ẹ sì kú ìfaradà. Mo fi ìbéèrè yín sílẹ̀ bí ẹ ṣe kọ ọ́, nítorí pé àwọn nǹkan mẹ́ta tí ẹ kà sílẹ̀ kì í ṣe ìṣòro mẹ́ta. Ìṣòro kan ṣoṣo ni, ibi mẹ́ta ló ti yọjú.

Ní ilé ìwé, wọ́n kọ́ wa pé “must” ni “gbọ́dọ̀”, pé “have to” ni “ní láti”, pé “should” ni “ó yẹ kí”. A wá to wọn bí ẹsẹ̀ àkàbà: “must” ló wúwo jù lókè, “should” wà láàárín, “might” sì fúyẹ́ nísàlẹ̀. Àkàbà yẹn wúlò fún ìdánwò, ṣùgbọ́n ìwọ̀n ẹrù nìkan ló ń sọ fún wa. Ohun tí etí ẹni tí wọ́n bí sínú Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ ń wá nínú irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó gbé ẹrù náà lé e lórí: ṣé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ni, ṣé òfin tàbí ipò nǹkan ni, tàbí àǹfààní ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀? Ìbéèrè yìí ló ya “must” sọ́tọ̀ kúrò lára “have to”, òun ló gbé “need to” ga láyé òde òní, òun náà ló sì jẹ́ kí ojú ọ̀gá yín le.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú “must” àti “have to”. Bí obìnrin kan bá sọ pé “I must ring my mother”, ohun tí a gbọ́ ni pé ọkàn òun fúnra rẹ̀ ló ń tì í. Ó ti pẹ́ tí ó ti bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn, ara rẹ̀ kò sì balẹ̀. Bí ó bá sọ pé “I have to ring my mother”, nǹkan kan láti ìta ló ń lé e: bóyá ìyá náà ti ní kí ó pe òun ní aago mẹ́rin, bóyá ìwé kan wà nílẹ̀ tí kò lè dúró. Dókítà tó jókòó síwájú aláìsàn lè sọ pé “You must stop smoking”, nítorí pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìmọ̀ àti àṣẹ náà ti ń jáde. Ṣùgbọ́n bí aláìsàn yẹn bá délé, ohun tí yóò sọ fún ìyàwó rẹ̀ ni “I have to stop smoking”, nítorí pé lẹ́nu tirẹ̀, òde ni àṣẹ náà ti wá. Mo mọ̀ pé wọn kì í pa ìyàtọ̀ yìí mọ́ nígbà gbogbo, pàápàá àwọn ará Amẹ́ríkà, tí “have to” ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba iṣẹ́ méjèèjì ṣe lẹ́nu wọn. Síbẹ̀, níbi tí “must” bá ti ti ẹnu ẹnìkan jáde sí ojú ẹlòmíràn, ìyàtọ̀ náà máa ń jí.

Nígbà tí ẹ sọ pé “You must sign this form today”, ohun tó wà lọ́kàn yín ni pé òfin ilé iṣẹ́ ní kí fọ́ọ̀mù náà kúrò nílẹ̀ lónìí. Ohun tí ọ̀gá yín gbọ́ ni pé ẹ̀yin ni ẹ ń pàṣẹ fún òun. “This has to be signed today” ì bá ti yọ yín, nítorí pé gbólóhùn yẹn kò dárúkọ ẹni tó ń pàṣẹ, kò sì dárúkọ ẹni tí wọ́n ń pàṣẹ fún. Fọ́ọ̀mù nìkan ló dúró níbẹ̀ tó ń retí kálàmù.

Ẹ ní pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀ ni ẹ fi sọ ọ́. Mo gbà yín gbọ́, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà sì dùn sí fún èmi tí mo fi èdè ṣe iṣẹ́. Bí ẹ bá sọ fún ọ̀gá yín ní Ìbàdàn pé “Mà, ẹ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i lónìí o”, kò ní bínú. “Gbọ́dọ̀” wúwo lóòótọ́, ṣùgbọ́n “ẹ” tó ṣáájú rẹ̀ ti kúnlẹ̀, “mà” ti kí i, “o” tó wà ní ìparí sì ti sọ gbogbo rẹ̀ di ìránnilétí. Inú arọ́pò orúkọ ni a ń kó ọ̀wọ̀ wa sí, nítorí náà ọ̀rọ̀ ìṣe wa lè wúwo tó bó bá ṣe fẹ́. Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú rẹ̀ mọ́. Nígbà kan rí, wọ́n ní “thou” fún ẹgbẹ́ ẹni tàbí ọmọdé, wọ́n sì ní “you” fún àgbà àti fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, gẹ́gẹ́ bí “ìwọ” àti “ẹ̀yin” tiwa. Nígbà tí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún fi máa parí, “thou” ti ń kúrò nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ọ̀pọ̀ jù lọ wọn, “you” sì di ti ọba àti ti ọmọ ọwọ́. Ó kù ní àwọn ìgbèríko kan. Àgbàlagbà Yorkshire kan lè wà nínú àwọn tí ẹ ń tọ́jú tó ṣì ń pè yín ní “tha”, kí ẹ má kà á sí àrífín. Láti ìgbà yẹn ni ọ̀wọ̀ ti kó kúrò lára arọ́pò orúkọ nínú èdè náà, tí ó lọ ń gbé lára ọ̀rọ̀ ìṣe. Nítorí náà, bí a bá gbé gbólóhùn Yorùbá lọ sínú Gẹ̀ẹ́sì ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, “ẹ” yóò já bọ́ lójú ọ̀nà, “must” yóò sì dé ọ̀hún ní ìhòòhò.

Kí ni àwọn onílé wá ń fi bo ìhòòhò yẹn? Aṣọ tó wọ́pọ̀ jù lóde òní ni “need to”. “You need to drink more water, Mr So-and-so”, ni nọ́ọ̀sì máa ń sọ. Àṣẹ ni, ṣùgbọ́n ó wọ aṣọ àìní: kì í ṣe èmi ni mo ní kí ẹ mu omi, ara yín ló ń bèèrè rẹ̀. Àwọn onímọ̀ èdè ti ka ọ̀rọ̀ yìí lórí ìwé. Ní Yunifásítì Brown ní Amẹ́ríkà, wọ́n kó 500 àyọkà jọ láti inú ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1961, ọ̀kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bí 2,000 ọ̀rọ̀, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 1,000,000 ọ̀rọ̀. Àwọn onímọ̀ ní Lancaster, Oslo àti Bergen ṣe irú rẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì ilẹ̀ Bìrìtì ti ọdún kan náà, àwọn ti Freiburg ní Jámánì sì tún ṣe méjèèjì fún ọdún 1991 àti 1992. Nígbà tí Geoffrey Leech ti Lancaster fi ti àtijọ́ wé ti tuntun, ó rí i pé “must” ti dín ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ nínú ìwé àwọn ará Bìrìtì, ó sì ti dín tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta nínú ti Amẹ́ríkà, nígbà tí “need to” ti pọ̀ ju ìlọ́po méjì lọ ní ìhà méjèèjì. Ìyẹn láàárín ọgbọ̀n ọdún péré! Àlàyé kan tí wọ́n ń ṣe ni pé àwùjọ wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa hàn bí ọ̀gá lórí ẹnìkejì mọ́. Èmi ò rò pé àṣẹ dín kù nílẹ̀ wọn. Aṣọ ni wọ́n pààrọ̀ fún un, ẹni tí kò bá sì dá aṣọ náà mọ̀ yóò kọjá lára rẹ̀ láì kí i.

Ìyẹn gbé wa dé ọ̀dọ̀ “You might want to check the chart again”. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ ní ẹyọ ọ̀rọ̀, ó dà bí ẹni pé ó ní “bóyá ó wù yín láti tún ìwé àkọsílẹ̀ náà wò”. Kò sí ohun tó jẹ mọ́ ìfẹ́ inú yín níbẹ̀. Àṣẹ ni, ó sì tún mú ìbáwí díẹ̀ dání, nítorí “again” tó wà ní ìparí ń sọ pé ọ̀gá náà ti rí àṣìṣe kan tí kò fẹ́ dárúkọ lójú àwọn ẹlòmíràn. Lára àwọn ìbátan rẹ̀ ni “You may wish to”, “It might be an idea to”, “I wonder if you could” àti “Would you mind”. Wọ́n fúyẹ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọ̀gá ló sọ wọ́n, tí ọ̀rọ̀ náà sì jẹ mọ́ iṣẹ́ tí wọ́n gbà yín fún, ẹ gbà á bí ẹni tó gbọ́ “gbọ́dọ̀”. Bí ó bá jẹ́ ẹgbẹ́ yín ló sọ ọ́ nípa ilé oúnjẹ tuntun kan tó wà níwájú ọjà, ìmọ̀ràn lásán ni. Irú rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa rárá. Bí bàbá àgbà bá jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ní “Omi inú ìkòkò yìí mà ti tán”, ọmọ tí wọ́n kọ́ kò ní dáhùn pé “Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá”, kó sì jókòó. Garawa ni yóò gbé. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Ohun tó dà yín láàmú ni pé wọ́n kọ́ wa nílé ìwé pé Òyìnbó kì í fi ọ̀rọ̀ pamọ́, pé ohun tí ó bá fẹ́ ló ń sọ. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì ṣiṣẹ́ ní Leeds.

Ní ti tíì, ọ̀rọ̀ náà yí padà sí òdìkejì. “You must come round for tea”, “You must try this cake”, “You must let me pay”: nínú gbogbo wọn, àǹfààní náà ti ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ ni. Níbi tí ó bá rí bẹ́ẹ̀, bí ọ̀rọ̀ náà bá ṣe le tó ni ọ̀yàyà rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, gẹ́gẹ́ bí ìyá onílé tó ní “Ẹ gbọ́dọ̀ jẹun kí ẹ tó lọ” kò ṣe ń fipá mú àlejò. Bí ẹ bá fi “should” pààrọ̀ “must” níbẹ̀, tí ẹ ní “You should try this cake”, ó ti tutù. Èyí ni ìdí tí àkàbà ilé ìwé fi ń tàn wá: ní ibi iṣẹ́, “must” le koko, lórí tábìlì oúnjẹ, òun ló ní ọ̀yàyà jù. Ṣùgbọ́n ọ̀yàyà kò tíì di ìpè. Bí wọn kò bá ti dárúkọ ọjọ́ àti wákàtí, inú rere lásán ni wọ́n fi hàn. Ẹ ronú nípa ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́ tó rí yín tí ẹ ń kọjá, tó ní “Ẹ wá jẹun o”. Ẹ ó dáhùn pé “Á gba ibi ire”, ẹ ó sì máa bá tiyín lọ. Ẹ kò ní fọwọ́ kí ẹ sì jókòó ti àwo. Ìdáhùn tó bá tiwọn mu ni “I'd love to”. Bí ọ̀rẹ́ yín bá fẹ́ kí ẹ wá lóòótọ́, òun ni yóò bèèrè pé “What about Saturday?”.

Kí n tó dé ibi tó léwu jù fún iṣẹ́ yín, ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ sínú ìtàn, nítorí ó ń ṣàlàyé nǹkan tí ọ̀pọ̀ ìwé gírámà kàn ń pàṣẹ pé kí a há sórí. “Should”, “ought” àti “must”, ọ̀rọ̀ àná ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. “Should” ni àsìkò tó kọjá fún “shall”, tí ó túmọ̀ sí “mo jẹ gbèsè” nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́. “Ought” ti ara ọ̀rọ̀ tí “owe” ti wá jáde, ìyẹn jíjẹ gbèsè náà. “Must” sì ni àsìkò tó kọjá fún ọ̀rọ̀ kan tó ti kú báyìí, “mote”, tó kọ́kọ́ túmọ̀ sí pé a gba ènìyàn láàyè láti ṣe nǹkan, kí ó tó di ti dandan. Ó jọ pé bí elédè Gẹ̀ẹ́sì bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ojúṣe ẹlòmíràn, ó máa ń fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn sínú àná kí ó má baà sún mọ́ ọn jù; bẹ́ẹ̀ náà ni “could” àti “would” ṣe rọ̀ ju “can” àti “will” lọ. Ní ti “have to”, ohun ìní ló ti wá, gẹ́gẹ́ bí “ní láti” tiwa ṣe ní “ní” nínú: mo ní iṣẹ́ láti ṣe, títí iṣẹ́ fi ń ní mi.

Nítorí pé “must” ti jẹ́ ọ̀rọ̀ àná tẹ́lẹ̀, kò ní àná mìíràn mọ́. Ọ̀rọ̀ ìṣe Yorùbá kì í yí padà nítorí àsìkò, nítorí náà a lè sọ pé “Lánàá, mo gbọ́dọ̀ dúró títí ilẹ̀ fi ṣú”, a ó sì fẹ́ kọ “Yesterday I must stay late”. “I had to stay late” ni wọ́n ń sọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ìròyìn iṣẹ́ lálaalẹ́, ẹ kíyè sí èyí gan-an: bí ẹ bá kọ “I must have given him the tablet at nine”, ẹ kò sọ pé ó di dandan fún yín láti fún un ní oògùn. Ohun tí ẹ kọ ni pé ẹ kò rántí dájú, pé ó jọ bí ẹni pé ẹ ti fún un. Nọ́ọ̀sì tó bá ka ìyẹn yóò pè yín. “Must” ti ìméfò ni, ìbátan “You must be tired”, tí a ń sọ fún ẹni tó ti ìrìn àjò dé: ó ní láti jẹ́ pé ó ti rẹ̀ yín. Bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ fún un, ẹ kọ “I gave”. Bí ipò nǹkan bá fipá mú yín, ẹ kọ “I had to give”. “I should have given”, ní tirẹ̀, túmọ̀ sí pé ó yẹ kí ẹ fún un, ẹ kò sì fún un. Gbólóhùn mẹ́rin ni mo kà sílẹ̀ yìí. Wọ́n jọra lórí ìwé, ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ sí oògùn náà kò jọra.

Ìyísódì ni ibi tó léwu jù. “Must” àti “have to” máa ń sún mọ́ ara wọn títí “not” yóò fi dé àárín wọn, lẹ́yìn náà olúkúlùkù gba ọ̀nà tirẹ̀. “You mustn't lift him on your own” jẹ́ èèwọ̀: ẹ kò gbọdọ̀ dá gbé e. “You don't have to lift him on your own” sì ń sọ pé kò pọn dandan kí ẹ dá gbé e. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ lè gbé e, bí ẹ kò sì fẹ́, ẹnìkan wà tí yóò bá yín gbé e. “You needn't” àti “You don't need to” wà lẹ́yìn “don't have to”. Orí “gbọ́dọ̀” wa bá “must” mu níbí, nítorí “kò gbọdọ̀” jẹ́ èèwọ̀ nílé bí ó ti jẹ́ èèwọ̀ lọ́hùn-ún. Kì í ṣe gbogbo èdè ló rí bẹ́ẹ̀. Ará Jámánì tó bá sọ “du musst nicht” ń sọ pé kò pọn dandan, ìdí nìyẹn tí àwọn náà fi ń ṣìṣe bí wọ́n bá ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. “Ní láti” ló ń dẹkùn sílẹ̀ fún Yorùbá. “Ẹ kò ní láti wá lọ́la” lè túmọ̀ sí èèwọ̀ lẹ́nu ẹnìkan, kó sì jẹ́ òmìnira lẹ́nu ẹlòmíràn, ohùn ni a fi ń mọ̀ ọ́n. “You don't have to come tomorrow” kò ní ojú méjì bẹ́ẹ̀: òmìnira ni. Nígbà tí ẹ bá ń túmọ̀ rẹ̀ fún ara yín lọ́kàn, ẹ jẹ́ kí ó máa jẹ́ “kò pọn dandan” tàbí “kì í ṣe ọ̀ranyàn”, kí ẹ fi “kò ní láti” sílẹ̀.

Etí tún lè ṣi èyí gbọ́. Wọn kì í pe “t” àárín tó wà nínú “mustn't”, “mọ́sǹt” ni ó máa ń dún, ìparí rẹ̀ sì máa ń rì sínú ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e. “Have to” ń dún bí “háftà”, “got to” bí “gọ́tà”. Nínú yàrá tí tẹlifíṣọ̀n ti ń ké, “must” àti “mustn't” lè dà bí ọ̀kan. Bí ọ̀rọ̀ náà bá kan gbígbé ènìyàn tàbí oògùn, ẹ bi wọ́n léèrè: “Do you mean I should, or I shouldn't?” Kò sí ìtìjú nínú ìyẹn.

Àwọn atúmọ̀ Bíbélì wa ti rí i tipẹ́ pé ọ̀rọ̀ dandan kò ní ìlẹ̀kùn kan ṣoṣo. Níbi tí Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1611 ti fi “Thou shalt not kill” ṣe òfin, “Ìwọ kò gbọdọ̀ pànìyàn” ni tiwa. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé “Ye must be born again”, wọn kò lo “gbọ́dọ̀” níbẹ̀. “A kò lè ṣe aláìtún yín bí” ni wọ́n kọ, ìyísódì méjì tó so pọ̀ di dandan. Mo fẹ́ràn ìtumọ̀ yẹn púpọ̀, nítorí pé kì í ṣe ohun tí ènìyàn lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ni Jésù ń sọ fún Nikodémù, “gbọ́dọ̀” ì bá sì ti sọ ọ́ di iṣẹ́ àṣeyọrí.

Àwọn tó kù kò gba àyè púpọ̀. “You'd better ring the doctor” ní ìkìlọ̀ nínú: bí ẹ kò bá pè é, ohun tó bá tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, ẹ̀yin lẹ ó rù ú. Ẹ má sọ ọ́ sí ọ̀gá. “You're supposed to wear gloves” ń sọ pé òfin kan wà, ó sì jọ pé ẹ ń rú u lọ́wọ́. “You are to report to the office” jẹ́ ohùn ológun àti ti ìwé àṣẹ. “Must you?” nínú ìbéèrè kì í ṣe ìbéèrè, ariwo yín ló ti sú ẹni náà. Ẹ má sì jẹ́ kí “Shall I open the window?” dẹ́rù bà yín nítorí “shall” inú Òfin Mẹ́wàá, iṣẹ́ ni ẹni náà ń fi lọ̀ yín, ó fẹ́ bá yín ṣí fèrèsé ni.

Ẹ lè bi mí pé, bí “must” bá ń dín kù lẹ́nu báyìí, kí ló dé tí ó fi kún ara ògiri ilé iṣẹ́ yín? Ìdí ni pé ìwé òfin kò ní ojú tí a lè tì. Ìwé ìlànà ojú pópó ilẹ̀ Bìrìtì, Highway Code, tó kọ́kọ́ jáde lọ́dún 1931, fi lẹ́tà gàdàgbà kọ MUST àti MUST NOT níbi tí ó bá jẹ́ pé òfin ìjọba ló wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà, tí ẹni tó rú u sì lè dé kóòtù. Níbi tí ó bá jẹ́ ìmọ̀ràn, “should” ló ń lò. Àwọn tó ń ṣe ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ṣe bẹ́ẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 1997, nínú ìwé tí wọ́n ń pè ní RFC 2119: MUST kò ní àwáwí, SHOULD sì fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó bá ní ìdí tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, tó sì ti ro ohun tó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Nítorí náà, bí ẹ bá ń ka ìlànà iṣẹ́, àkàbà ilé ìwé ṣì dúró ṣinṣin. Ibẹ̀ gan-an ni ilé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni kò lè gùn ún.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù nípa ohun tí a gbé wá láti ilé. Gẹ̀ẹ́sì wa ní Nàìjíríà fẹ́ràn “must” àti “compulsory”, a sì ń fi “suppose” ṣe “ó yẹ kí”, bí ẹni tó ní “You suppose greet me”. Àwọn ọ̀dọ́ Èkó ti gba “got to”, wọ́n sọ ọ́ di “gats”: “I gats go”. Kò sí èyí tó jẹ́ àbùkù nínú wọn, wọ́n ní ìlànà tiwọn láàárín àwa tí a gbọ́ ọ. Àbùkù máa ń wọlé bí a bá gbé wọn síwájú ẹni tí kò gbọ́ ohùn tó wà lẹ́yìn wọn, ohùn tó jẹ́ pé nílé, òun ló ń sọ fún wa bóyá ẹni náà ń pàṣẹ tàbí ó ń bẹ̀bẹ̀.

Bí fọ́ọ̀mù mìíràn bá wá dé ọwọ́ yín, ẹ kọ́kọ́ sọ ibi tí ẹrù náà ti wá, kí ẹ tó bẹ ọ̀gá yín pé kó bá yín gbé e: “This has to go off today. Could you sign it for me?” Ẹ kò nílò láti fi “ma” kún un ní ìparí, “could” ti ṣe iṣẹ́ “ẹ” níbẹ̀.